BÍ A BÁ MÚ AWAKỌ̀ WA LÓRÍ Ẹ̀SÙN ỌTÍ

Ọ̀rọ̀ tí alàgbà kan, akọ̀wé kóòtù tí ó ti fẹ̀yìn tì, sọ fún àwọn àṣojú ìjọ ní ọjọ́ kẹta Àpéjọ Gbogbogbòò

 

Nígbà tí ìgbìmọ̀ fi ọ̀rọ̀ yìí rán mi, àwọn kan kùn. Wọ́n ní kí ni ọ̀rọ̀ ọtí ń wá nínú àpéjọ ìjọ tí kì í mu ọtí. Èmi kò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n mo fi ọdún 31 jókòó nídìí tábìlì akọ̀wé ní kóòtù májísíréètì kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe ẹni tí ó mu ọtí nìkan ni a máa ń mú lórí ẹ̀sùn ọtí. Mo tún mọ̀ pé ìjọ tí kì í mu ọtí gan-an ni ojú máa ń tì jù nígbà tí irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ bá dé, ìtìjú yìí ni ó sì ń mú kí a ṣe ohun tí kò yẹ. Nítorí náà, n kò wá láti wàásù nípa ọtí. Àwọn tí ó mọ ìwàásù jù mí lọ ti ṣe é ní àná. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni bí òfin ti ń rìn láti ìgbà tí a bá na ọwọ́ dá ọkọ̀ dúró títí di ìgbà tí adájọ́ bá sọ̀rọ̀, àti ibi tí àwa alàgbà ti máa ń ba ìrìn náà jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí èmi fúnra mi ti bà á jẹ́.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọkọ̀ bọ́ọ̀sì ẹ̀ka ìjọ wa ń bọ̀ láti ìsọjí kan ní òru. Ẹni tí ó wà á jẹ́ ọmọ ìjọ tòótọ́, baálé ilé, tí ó ti wa ọkọ̀ fún wa ju ọdún mẹ́wàá lọ. Àwọn agbófinró dá a dúró. Wọ́n ní ọkọ̀ náà ń ya sọ́tùn-ún sósì lójú ọ̀nà. Wọ́n ní ahọ́n rẹ̀ wúwo, wọ́n ní èémí ẹnu rẹ̀ ní òórùn, àti pé nígbà tí ó sọ̀kalẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ranlẹ̀. Wọ́n mú un lọ sí àgọ́.

Aago kan òru ni wọ́n pè mí. Èmi àti alàgbà méjì dìde, a kó owó sínú àpòòwé, a dé ibẹ̀, a dọ̀bálẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, àgbà tí irun orí rẹ̀ ti funfun dọ̀bálẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì. A ní kí wọ́n forí jì í, a ní iṣẹ́ Èṣù ni, a ní kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ wa wọ̀ wọ́n létí, àpòòwé sì wọ àpò. Kí ilẹ̀ tó mọ́, a ti mú un dé ilé. Kò sí ẹni tí ó fi ẹ̀rọ wọn èémí rẹ̀, kò sí ẹni tí ó pe dókítà, kò sí ìwé kankan tí a kọ. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé a ti borí.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀lé e, ìgbìmọ̀ ìjọ pè é. Ó ní òun kò fi ẹnu kan ọtí. Ta ni yóò gbà á gbọ́? Àwa mẹ́ta tí a lọ gba ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀ ti sọ pé kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. A gba kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì lọ́wọ́ rẹ̀, a sì ní kí ó jókòó sẹ́yìn fún oṣù mẹ́ta. Kò tíì pé oṣù kan àbọ̀ tí ó fi ṣubú lulẹ̀ nínú ilé rẹ̀. Nígbà tí a gbé e dé ilé ìwòsàn, dókítà ní àrùn àtọ̀gbẹ ni, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà, àti pé ó ti wà lára rẹ̀ tipẹ́. Ó ṣàlàyé fún wa pé bí àrùn yìí bá le, èémí ènìyàn a máa ní òórùn bí ti èso tí ó ti kẹ̀. Bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ bá sì já wálẹ̀ lójijì, ahọ́n a máa wúwo, ara a máa gbọ̀n, ọkàn a sì pòrúúruù, tí ẹni tí kò mọ̀ yóò fi sọ pé ó ti mutí yó.

N kò lè búra pé ohun tí ó ṣe é ní òru ọjọ́ náà nìyẹn. Ohun tí ó dùn mí ni pé kò sí ẹni tí ó lè búra sí i mọ́, bóyá bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Wákàtí tí ẹ̀rí wà lára rẹ̀ ni àwa fi ń bẹ̀bẹ̀, wákàtí náà sì kọjá lọ. A rò pé a ń gbà á sílẹ̀ ni. Àṣé a ti bá a jẹ́wọ́ ohun tí òun kò jẹ́wọ́.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wo bí ọ̀ràn náà ì bá ti rí bí a bá jẹ́ kí òfin rìn.

Oṣù kejì ọdún 1988 ni ìjọba dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ti Ìjọba Àpapọ̀ sílẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyinká sì ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Òfin tí ó gbé àjọ náà ró lónìí ni èyí tí a ṣe ní 2007, ìlànà ìrìnnà ojú pópó fún gbogbo Nàìjíríà sì jáde ní 2012. Àwọn ọlọ́pàá pẹ̀lú ní agbára lórí ọ̀ràn yìí, àwọn ìpínlẹ̀ sì ní òfin ọkọ̀ tiwọn. Nítorí náà, ẹ má ṣe dúró ní etí títì kí ẹ máa bá ẹnikẹ́ni jiyàn pé kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dá yín dúró. Ẹ dúró. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Bí ó bá jẹ́ òru, ẹ tan iná inú ọkọ̀. Ẹ kí i bí ọmọlúàbí, kí ẹ sì fi ìwé yín hàn.

Bí ó bá fura sí ọtí, ìdánwò èémí ni ó yẹ kí ó tẹ̀lé e: ẹ̀rọ kékeré kan tí a ń fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí, tí ó ń fi nọ́ńbà sọ bí ọtí ti pọ̀ tó lára ènìyàn. Ọtí tí a mu a máa wọ inú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ a gbé e dé ẹ̀dọ̀fóró, èémí a sì gbé díẹ̀ nínú rẹ̀ jáde. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ fi lè mọ̀. Ẹ̀rọ náà kò mọ orúkọ ohun tí a mu o. Mo ń sọ èyí nítorí ẹ̀yin tí ẹ máa ń wí pé ẹ kì í mu ọtí, pé àgbo jẹ̀díjẹ̀dí ni ẹ mu. Bí ó bá jẹ́ ògógóró ni a fi rẹ egbò igi náà, ọtí ni ẹ mu. Ẹni tí ń ta paraga ní ibùdókọ̀ mọ ohun tí òun ń tà, ẹni tí ń rà á náà mọ̀. A kàn fi egbò bò ó lójú ni. (Mo rí i pé àwọn kan ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ fi í sọ́kàn.)

Ìwọ̀n tí a ń sọ yìí kò pọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti gba gbogbo orílẹ̀-èdè nímọ̀ràn pé kí òfin wọn má ṣe gbà kí awakọ̀ ní ju 0.05 gíráàmù ọtí lọ nínú 100 mìlílítà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí ti àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ ọkọ̀ wà sì má ju 0.02 lọ. Bí ọtí bá sì ti wọlé tán, omi tútù kò lè lé e jáde, kọfí kò lè lé e, obì kò lè lé e. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà, díẹ̀díẹ̀, wákàtí dé wákàtí, kò sì sí ohun tí a lè fi kán an lójú. Ẹni tí ó mutí yó ní inú òkú lè sùn, kí ó jí, kí ó wẹ̀, kí ó jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà, kí ó wọ ọkọ̀ ní aago mẹ́fà òwúrọ̀, kí ọtí àná ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ju bí òfin ti fẹ́ lọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì ni ọ̀rọ̀ wákàtí yìí ń gbà ṣiṣẹ́. Bí aago ti ń lọ ni ẹ̀rí ń parẹ́, ìbáà ṣe ẹ̀rí tí yóò dá ènìyàn lẹ́bi tàbí èyí tí yóò dá a láre. Nítorí náà, bí awakọ̀ wa bá mọ̀ pé òun kò mutí, kí ó má ṣe bẹ̀bẹ̀. Kí ó béèrè pé kí a wọn òun. Bí wọn kò bá ní ẹ̀rọ, kí ó béèrè dókítà, kí ó sọ àìsàn tí ó ń ṣe é àti oògùn tí ó ń lò, kí ó sì rọ̀ wọ́n pé kí a kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú aago tí ó sọ ọ́. Ohun tí ì bá gba ọmọkùnrin wa là nìyẹn, ì bá sì ti jẹ́ kí àìsàn rẹ̀ tètè hàn.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ kan nípa owó. Nínú ìwé ìtanràn tí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ń lò lẹ́yìn ìlànà 2012, ìtanràn ẹni tí ó wakọ̀ pẹ̀lú ọtí tàbí oògùn olóró lára jẹ́ ₦5,000, pẹ̀lú àmì 5 lòdì sí ìwé àṣẹ ìwakọ̀ rẹ̀. Ìtanràn ẹni tí ó fẹ́ fi àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ba ẹ̀ṣọ́ jẹ́ jẹ́ ₦10,000. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Ní ojú ìwé náà, ẹni tí ó fún ni ní rìbá jẹ gbèsè ìlọ́po méjì ti ẹni tí ó mutí. Ní tèmi, mo rò pé ₦5,000 kéré jù lórí ẹni tí ó kó ènìyàn 18 sẹ́yìn tí ó sì mutí, mo sì ti sọ ọ́ fún àwọn tí ó yẹ. Ṣùgbọ́n àpòòwé tiwa ní òru ọjọ́ náà wúwo ju ₦5,000 lọ. Ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo tí ó dá mi lójú pé a dá ní àgọ́ yẹn, àwa alàgbà mẹ́ta ni a dá a, pẹ̀lú àwọn tí ó gbà á lọ́wọ́ wa.

Ìwé ìtanràn kì í sì í ṣe ìdájọ́. Ẹni tí ó gbà pé òun jẹ̀bi yóò san owó náà ní ilé ìfowópamọ́, kì í ṣe sí àtẹ́lẹwọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kò bá gbà, kóòtù ni yóò gbọ́ tirẹ̀.

Bí wọ́n bá mú un wọ àgọ́, Ìwé Òfin ilẹ̀ wa ti 1999 ń bá a wọlé. Abala 35 ni ó yẹ kí gbogbo akọ̀wé ìjọ mọ̀ bí ó ti mọ orin ìṣáájú. Ó sọ pé ẹni tí a mú ní ẹ̀tọ́ láti dákẹ́ títí yóò fi bá agbẹjọ́rò tàbí ẹlòmíràn tí ó yàn sọ̀rọ̀. Ó sọ pé kí a fi ìwé sọ ìdí tí a fi mú un fún un láàárín wákàtí 24, ní èdè tí ó gbọ́. Ó sọ pé kí a gbé e dé kóòtù láàárín ọjọ́ kan, bí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40 sí ibi tí a ti mú un. Bí kò bá sí, kí ó jẹ́ ọjọ́ méjì, tàbí iye ọjọ́ tí kóòtù bá rí i pé ó tọ́.

Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ èdè yẹn. Awakọ̀ wa tí ó ti Ìlọrin gbéra lè wà ní Jos ní ọ̀la, kí ó wà ní Calabar ní ọ̀túnla. Mo ti rí ìwé tí a kọ ọ̀rọ̀ ẹni sí ní àgọ́, tí a kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì láti òkè dé ilẹ̀, tí ẹni tí ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ kò sì gbọ́ ju ìkíni lọ nínú èdè náà. Nígbà tí a kà á sí i létí ní kóòtù, tí ògbufọ̀ sì túmọ̀ rẹ̀, ẹnu yà á bí ẹnu ti ya gbogbo wa. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tẹ ọwọ́ sí ohun tí a kò kà fún un kí ó sì yé e. Kì í ṣe orí kunkun ni èyí. Ẹ fi pẹ̀lẹ́ sọ ọ́.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ béèlì. Òfin Ìṣàkóso Ìdájọ́ Ọ̀ràn ti 2015, tí àwọn ìpínlẹ̀ ti ń ṣe irú rẹ̀ (Èkó tilẹ̀ ti ṣe tirẹ̀ ṣáájú, ní 2007), kà á léèwọ̀ láti mú ẹlòmíràn dípò ẹni tí a fẹ̀sùn kàn: kì í ṣe ìyàwó rẹ̀, kì í ṣe àbúrò rẹ̀, kì í ṣe pásítọ̀ rẹ̀. Òfin kan náà sọ pé a kò gbọdọ̀ kọ̀ kí obìnrin ṣe onídùúró nítorí pé ó jẹ́ obìnrin nìkan. Ẹ̀yin ìyá ìjọ, ẹ gbọ́ o. Bí a bá sọ fún yín ní àgọ́ pé kí ẹ lọ wá ọkùnrin wá, ẹ lè dá wọn lóhùn. Béèlì kì í ṣe ohun títà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìdáríjì. Ìlérí ni pé ẹni náà yóò padà wá nígbà tí a bá pè é. Alàgbà tí ó bá dúró fún ènìyàn, tí ẹni náà sì sá lọ, alàgbà náà ni yóò bá kóòtù sọ̀rọ̀. Nítorí náà, ẹ mọ ẹni tí ẹ ń dúró fún.

Mo dé kóòtù wàyí, ilé tí mo ti dàgbà.

Abala 36 nínú Ìwé Òfin kan náà ni ó ń jọba níbẹ̀. A ka olúkúlùkù sí aláìlẹ́bi títí a ó fi fi ẹ̀rí hàn pé ó jẹ̀bi. A ó fún un ní àkókò àti àyè láti múra ẹjọ́ rẹ̀. Ó lè gba agbẹjọ́rò, ó sì lè gbèjà ara rẹ̀. Ó lè bi ẹlẹ́rìí tí ó ta kò ó ní ìbéèrè. Bí kò bá gbọ́ èdè kóòtù, a ó wá ògbufọ̀ fún un láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí kò ní owó agbẹjọ́rò lè lọ béèrè lọ́dọ̀ Àjọ Ìrànlọ́wọ́ Òfin tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1976.

Èmi ni mo ń ka ẹ̀sùn. Ní ọ̀pọ̀ òwúrọ̀ Ọjọ́ Ajé ni mo ti dìde pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, tí mo bi ọkùnrin tí ó dúró nínú àpótí bí ó bá jẹ̀bi tàbí kò jẹ̀bi, tí ó sì wò mí lójú, tí ó rọra bi mí pé, “Bàbá, èwo ni kí n sọ tí yóò fi tètè tán?” N kò lè dá a lóhùn, iṣẹ́ mi kò gbà á. Ṣùgbọ́n lónìí mo ti fẹ̀yìn tì, mo sì lè dáhùn. Kí ó sọ èyí tí í ṣe òtítọ́. Ẹni tí ó jẹ́wọ́ ẹ̀bi láti lè tètè lọ sílé ń gbé àkọsílẹ̀ náà lọ sílé pẹ̀lú ara rẹ̀ ni.

Bí ó bá ní òun kò jẹ̀bi, olùpẹ̀jọ́ ni ó ru ẹrù ìfihàn. Òun ni yóò pe ẹlẹ́rìí. A ó sì bi ẹlẹ́rìí náà pé: ta ni ó di ẹ̀rọ náà mú? Nọ́ńbà wo ni ó fi hàn? Ní aago wo? Níbo ni àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà? Bí kò bá sí ẹ̀rọ, dókítà wo ni ó yẹ̀ ẹ́ wò? Pé ẹnu ènìyàn rùn kì í ṣe nọ́ńbà. Adájọ́ lè gba ẹ̀rí ojú gbọ́, n kò sọ pé kò lè gbà á, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ni ó ń sọ ohun tí ojú kò lè sọ.

Kí n tó gbàgbé: ẹ má ṣe kó gbogbo ìjọ wá sí kóòtù nínú aṣọ funfun. Mo rí i nígbà kan. Ọgbọ̀n ènìyàn jókòó, wọ́n ń wo adájọ́, ètè wọn ń mì fún àdúrà. Adájọ́ náà, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ onígbàgbọ́, fi ọ̀rọ̀ náà sí ọjọ́ mìíràn, ó sì sọ fún mi ní yàrá rẹ̀ pé òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé àwọn ni ó dá ẹjọ́ náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi kún ìdààmú arákùnrin wọn. Ènìyàn méjì tó.

Bí awakọ̀ náà bá sì mutí nítòótọ́ ńkọ́? Kí ó sọ bẹ́ẹ̀. Kí ó wí pé òun jẹ̀bi, ní ohùn ara rẹ̀. Lẹ́yìn tí a bá ti dá a lẹ́bi, kí a tó kéde ìyà, adájọ́ yóò béèrè bí ó bá ní ohun kan láti sọ. Àyè ẹ̀bẹ̀ nìyẹn. Àwa Yorùbá rò pé òfin òyìnbó kò mọ ẹ̀bẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n, ó sì ti fi àga sílẹ̀ fún un. Níbẹ̀ ni agbẹjọ́rò rẹ̀ ti lè sọ pé kò ṣe irú rẹ̀ rí, pé ó ní ọmọ mẹ́rin. Níbẹ̀ ni a ti lè pe alàgbà láti jẹ́rìí sí ìwà rẹ̀. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ẹ̀bẹ̀ yẹn àti tiwa ni pé òtítọ́ ti ṣáájú rẹ̀ dé, gbangba ni a sì ti ń bẹ̀ ẹ́, níbi tí etí gbogbo ènìyàn wà.

Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ti kú, ọ̀ràn náà ti kúrò ní ti ìwé ìtanràn. Ẹ̀sùn ìwakùwà tí ó pa ènìyàn ni yóò di, ẹ̀wọ̀n sì ni ó dojú kọ. Èmi ni mo ń kọ orúkọ àwọn òkú sínú ìwé ẹ̀sùn. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo kọ orúkọ ìyá àti ọmọ méjì tẹ̀ léra, orúkọ bàbá kan náà ni wọ́n ń jẹ́, bàbá náà sì jókòó ní ìlà kejì. Mo máa ń rántí rẹ̀ nígbà tí mo bá ronú lórí àpòòwé wa. Nítorí pé ọ̀nà tí a gbà ní òru náà, a kò mọ̀ bóyá awakọ̀ wa mutí tàbí kò mu. Bí ó bá jẹ́ pé ó mu ún ni, bákan náà ni à bá ṣe, òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni ì bá sì tún jókòó sídìí ọkọ̀, pẹ̀lú àwọn ọmọ yín lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ rántí Pọ́ọ̀lù àti Sílà ní ìlú Fílípì, nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 16. Ilẹ̀ mọ́, àwọn adájọ́ ránṣẹ́ pé kí wọ́n máa lọ ní àlàáfíà. Ó rọrùn láti lọ. Pọ́ọ̀lù kọ̀. Ó ní a ti nà wọ́n ní gbangba láìdá wọn lẹ́jọ́, a sì fẹ́ tì wọ́n jáde ní ìkọ̀kọ̀. Kí àwọn tí ó tì wọ́n mọ́lé fi ẹsẹ̀ ara wọn wá mú wọn jáde. Mo ti gbọ́ ìwàásù lórí ìmìtìtì ilẹ̀ inú orí náà ju ohun tí mo lè kà lọ. N kò tíì gbọ́ ọ̀kan lórí ẹsẹ yìí, níbi tí ìránṣẹ́ Ọlọ́run ti kọ ìdásílẹ̀ tí kò ní ẹjọ́ nínú.

Àwọn ará wa tí ó wá láti London bi mí ní àná bí tiwọn ti rí. Mo sọ ohun tí mo mọ̀. Láti oṣù kẹwàá 1967 ni ọlọ́pàá ti ń fi ẹ̀rọ wọn èémí awakọ̀ níbẹ̀. Ìwọ̀n tí òfin England gbà ni 35 màíkírógíráàmù nínú 100 mìlílítà èémí. Ní Scotland, láti oṣù kejìlá 2014, 22 ni. Ní àgọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń gba èémí, èyí tí ó kéré ni wọ́n sì ń lò. Agbẹjọ́rò ọ̀fẹ́ wà fún ẹni tí a mú. Ẹni tí ó bá kọ̀ láti fẹ́ ẹ̀rọ náà láìnídìí ti dẹ́ṣẹ̀ nípa kíkọ̀ yẹn, ẹni tí a bá sì dá lẹ́bi pé ọtí rẹ̀ ju ìwọ̀n lọ kì í sábà bọ́ lọ́wọ́ pípàdánù ẹ̀tọ́ láti wakọ̀ fún oṣù 12, ó kéré tán. Arákùnrin kan rẹ́rìn-ín, ó ní ohun tí ó ṣòro jù fún òun níbẹ̀ ni pé kò sí ẹni tí ènìyàn lè dọ̀bálẹ̀ fún. Ẹ̀yin tí ẹ ń wakọ̀ lọ sí Kano àti àwọn ìpínlẹ̀ Àríwá mìíràn, ẹ rántí pẹ̀lú pé àwọn ìpínlẹ̀ kan níbẹ̀ ní òfin tiwọn lórí ọtí fúnra rẹ̀, yàtọ̀ sí ti ojú pópó. Ẹ má ṣe gbé e sínú ọkọ̀ ìjọ, ìbáà jẹ́ ẹrù oníbàárà.

Ẹ ó fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ awakọ̀ wa parí sí. Ara rẹ̀ yá díẹ̀. Ìgbìmọ̀ pè é, a bẹ̀ ẹ́, a sì fẹ́ dá kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì padà fún un. Kò gbà á. Ó bi mí ní ìbéèrè kan níwájú gbogbo wọn: “Bàbá, ní òru ọjọ́ yẹn, kí ni ẹ ní kí wọ́n forí rẹ̀ jì mí?” N kò ní èsì. Ó ṣì ń wá sí ìjọ, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni ó ń jókòó sí, bí ẹni pé oṣù mẹ́ta náà kò tíì pé.

Nítorí rẹ̀ ni mo fi ní ìbéèrè mẹ́ta níwájú àpéjọ yìí. Kí akọ̀wé ẹkùn kọ̀ọ̀kan má ṣe kúrò níbí láìkọ orúkọ agbẹjọ́rò méjì nínú ẹkùn rẹ̀ tí a lè pè ní òru, kí a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú gbogbo ọkọ̀ ìjọ. Kí a máa yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ gbogbo awakọ̀ wa wò ní ọdọọdún, kí ẹni tí ó ní àìsàn máa gbé ìwé dókítà sínú àpò. Kí ìgbìmọ̀ ìjọ kankan má sì ṣe bá awakọ̀ wí lórí ẹ̀sùn tí kóòtù kò tíì gbọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a lè gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí a ó fi gbọ́ ọ. Èyí kò burú.

Alága, mo rí i pé aago ti lọ. Àkókò ìbéèrè kù ní ìṣẹ́jú ogún. Mo rí ọwọ́ àwọn awakọ̀ ní òkè níbẹ̀ yẹn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ dá wọn lóhùn.